Èsúsú Sítáǹpù

Inú abọ́ tánńganran funfun kan tí etí rẹ̀ ti bó ni mo ti máa ń wẹ sítáǹpù. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ tutù jù. Kí ó ṣáà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ni ó sọ ọ́, ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jókòó tì mí nídìí abọ́ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Sawaba, ní Kumasi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Kejetia dé, níbi tí ó ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ti ìka kan bọ omi, ó sì ń wo bí sítáǹpù ṣe ń ya kúrò lára bébà àpòòwé láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

"Haba, ìyàwó," ni ó wí, "ìwọ lò ń wẹ̀ ẹ́ ni, àbí òun ló ń wẹ ara rẹ̀?"

"Òun ló ń wẹ ara rẹ̀, Ìyá. Bí mo bá fà á, á ya."

"Ọmọ dáadáa ni. Kò sunkún."

Ìyàwó ni ó máa ń pè mí, nítorí pé ó ti wà nínú ilé náà kí ọkọ mi tó gbé mi wọlé. Ọmọ Ìlọrin ni, Mùsùlùmí ni, ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jù mí lọ. Èmi, Kumasi ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì ni a sì ń lọ. Kí ọdún 1969 tó parí, ó ṣeé ṣe kí àwa méjèèjì gbé inú ilé kan náà títí láìjọ jókòó pẹ́ ju ìgbà tí à ń kí ara wa lọ. Ilé kún nígbà náà. Olúkúlùkù ní àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ mi, tí ó jẹ́ káfíńtà, ní ìwé tirẹ̀, èmi náà ní. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ní, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò ní. Ọkùnrin náà mú ọmọbìnrin wọn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó sì gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Ìyá dúró nítorí ìsọ̀. Ó ní bí òun náà bá lọ, kí ni wọn yóò máa jẹ níbẹ̀? Nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà fi dé, yàrá mẹ́ta péré ni a ṣì ń ṣí nínú ilé wa láàárọ̀.

Àwọn tí ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì oníṣòwò gẹdú kan, ọ̀gá mi sì gbà pé kí wọ́n máa fi lẹ́tà àwọn ará ilé wa ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ ọ́fíìsì náà. Mo máa ń kó wọn wálé nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka lẹ́tà fún ẹni tí kò bá lè kà á, mo sì máa ń bá a kọ èsì. Ẹni tí ó ni lẹ́tà á mú lẹ́tà rẹ̀ lọ, èmi á sì tọrọ sítáǹpù. Kò sí ẹni tí ó kọ̀. Àwọn lẹ́tà òyìnbó tí ń bọ̀ sí ọ́fíìsì tún wà níbẹ̀, láti ìlú àwọn tí ń ra igi lọ́wọ́ wa. Bí ọ̀gá mi bá ti já wọn, inú agbọ̀n ìdọ̀tí ni ó ń ju àpòòwé wọn sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣà wọ́n.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. N kò ní ìwé sítáǹpù gidi. Ìwé ìyàwòrán àwọn ọmọ iléèwé ni mo rà, mo sì ń fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi àtè ra lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun ojú ni mo fi ń gbé wọn. Bí wọ́n bá ti inú omi jáde, mo máa ń dojú wọn bolẹ̀ sórí ìwé ìròyìn àtijọ́, bí wọ́n bá sì gbẹ, mo máa ń fi ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà ká.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àkókò rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí ọkọ mi bá sì ti sùn. Bí lẹ́tà bá wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a ó wẹ̀. Bí kò bá wá, a ó ṣí ìwé, a ó máa wo èyí tí ó ti wà níbẹ̀. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú nítorí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Òun ni ó fi hàn mí pé ẹkùn àti ọmọ rẹ̀ tí ó wà lára sítáǹpù Nàìjíríà kan kò ní àwọ̀ kan náà nínú gbogbo wọn. Ó ní àwọ̀ èyí pọ́n ju tọ̀hún lọ díẹ̀, pé aró ìgbà kan ni èyí, aró ìgbà mìíràn sì ni ìyẹn. Mo gbé wọn síta oòrùn, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tó oṣù kan tí a fi ń sọ̀rọ̀ ẹkùn náà. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a ṣe é.

Bàbá Alága ni ó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ire ni ó sì rò tí ó fi ṣe é. Aránṣọ ni nínú ìjọ wa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀nà Tafo. Kò sí ẹni tí ń pè é ní orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí Alága, nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ kan láàárín àwa ọmọ Yorùbá Kumasi tí kò ṣe alága rẹ̀ rí. Ó mú lẹ́tà kan wá fún mi lọ́jọ́ kan kí n bá òun kà á, ìwé sítáǹpù sì wà lórí tábìlì. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ohun tí ó dára báyìí," ni ó wí, "ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nídìí rẹ̀?"

"Àwa méjì náà ni, Bàbá."

"Kí lẹ ń pe ara yín?"

"A ò pe ara wa ní nǹkan kan."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn," ni ó wí.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ó kó ènìyàn mẹ́rin dání wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Pẹ̀lú òun àti àwa méjì, a jẹ́ méje. Kí omi tó tutù nínú abọ́, a ti ní alága, a ti ní olùtọ́jú, wọ́n sì ti fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé mo lọ sí iléèwé girama. Ẹnì kan béèrè bóyá a ó dá aṣọ. Alága ní kí á fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ni ó mú ọ̀rọ̀ èsúsú wá. Ó ti ṣe olórí èsúsú fún àwọn obìnrin ìlà rẹ̀ ní Kejetia fún ìgbà pípẹ́, kí àṣẹ ìjọba tó tú ìlà náà ká. Ó jókòó, ó ń gbọ́ bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń to òfin, ó sì gbọn orí.

"Ẹgbẹ́ tí kò dá nǹkan jọ," ni ó wí, "ìjókòó lásán ni. Kí olúkúlùkù mú sítáǹpù mẹ́wàá wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹlòmíràn kó o. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Gbogbo wa ni inú wa dùn sí i. Ó jọ ohun tí ó bá ọgbọ́n mu, torí kò sí nǹkan kan tí àwa kò tíì fi èsúsú ṣe rí. A fi èsúsú kọ́lé, a fi ra kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, a fi ṣe ìgbéyàwó. Alága ni ó kọ́kọ́ kó, Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ sì ní kí wọ́n fi òun sí ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí olórí èsúsú tí ó mọ ojúṣe rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kì í wá ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kan, ènìyàn lè gba mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mìíràn kí ó má gba ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a sọ pé òun kò san èsúsú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan ń já sítáǹpù lára lẹ́tà nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì ń kà á lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ń fi ojú tẹ̀ lé àpòòwé lọ́wọ́ ọ̀gá mi, títí tí ó fi bi mí bóyá mo ń retí lẹ́tà ni.

Ọkọ mi jí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó bá mi tí mò ń ka mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú páálí.

"Iṣẹ́ akọ̀wé méjì lo wá ń ṣe báyìí," ni ó wí. "Èwo nínú wọn ló ń sanwó?"

Mo ti ṣàkíyèsí fúnra mi pé láti ọjọ́ Sátidé ni inú ti máa ń bí mi. N kò ṣí ìwé ìyàwòrán náà mọ́. A kì í jókòó wo nǹkan kan mọ́, nítorí pé bí a bá ti kà á tán, ẹni tí ó kàn á kó páálí rẹ̀, á sì máa lọ. Èyí tí ó sì burú jù ni ohun tí ó wà nínú páálí. Nígbà tí Alága kó tirẹ̀, ẹkùn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kejì kó tirẹ̀, ẹkùn ni. Nàìjíríà kan náà ni gbogbo wa ti ń gba lẹ́tà, iye kan náà sì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Owó dára fún èsúsú torí pé ṣílè kan kò yàtọ̀ sí èkejì, èyí tí o bá rí gbà ni ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní ẹkùn kan, kí ni yóò fi ogójì ẹkùn ṣe?

Mo mọ èyí, mo sì ń san èsúsú mi lọ. N kò lè sọ pé kí Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ dá a dúró. Òun ni ó dá a sílẹ̀, kò sì tíì kó tirẹ̀.

Àsìkò yìí ni lẹ́tà ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti Ìlọrin. Mo kà á fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà ní àwọn ará ilé ọkùnrin kan ti wá tọrọ òun. Bàbá òun ti gbà. Ọkùnrin náà yóò lọ ṣiṣẹ́ ní Kaduna lẹ́yìn ààwẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ní kí wọ́n so yìgì kí oṣù ààwẹ̀ tó lé. Wọ́n ní bí ó bá kọjá ìgbà náà, àwọn kò ní dúró mọ́, àwọn yóò wá ẹlòmíràn fún ọmọ àwọn. Ọmọ náà ní òun fẹ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òun ti sọ fún gbogbo wọn pé òun kò ní jókòó kí wọ́n so yìgì òun nígbà tí ìyá òun kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ìyá jọ̀wọ́ kọ̀wé kíá.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti rí ọmọ náà.

"Ọkùnrin yìí," ni ó wí, "ṣé ó ga?"

"Kò kọ ọ́ síbí, Ìyá."

"Ó kúrú nìyẹn." Ó tún ìjókòó ṣe. "Mú gègé rẹ. Kọ ọ́ pé mo gbà. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí bàbá rẹ̀ má sọ pé akọ̀wé ló gbà. Kọ ọ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá ń lọ sílé. Kọ ọ́ pé mo ṣàdúà, àmín."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní sítáǹpù Ghana tuntun kan nílé, tí ó ní òdòdó lára, tí mo rà nítorí pé ó wù mí. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Nígbà tí mò ń já a kúrò lára bébà rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn eyín wẹ́wẹ́ tí ó yí etí rẹ̀ ká ya díẹ̀ ní igun òkè, mo sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ìyá. Ó ní kò sí nǹkan. Ó gba lẹ́tà náà pé òun ni yóò mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Adum fúnra òun kí òun tó lọ sí ìsọ̀. Ó ní ọwọ́ ìyá ni ó yẹ kí ó ju irú rẹ̀ sínú àpótí.

Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e ni ó kàn mí láti kó èsúsú. Olúkúlùkù ka mẹ́wàá rẹ̀ sínú àwo, Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ náà ka tirẹ̀. Alága súre fún mi. Wọ́n lọ, mo sì da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹkùn, ẹkùn, ẹkùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí òdòdó. Kò sí òǹtẹ̀ kankan lójú rẹ̀. Mo yí i sọ́wọ́, mo wo igun òkè rẹ̀, eyín kan ti ya níbẹ̀.

Ìyá ń tú ẹ̀pà lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ìyá," ni mo wí, "lẹ́tà ọmọ yín ńkọ́?"

"Mo ti fi ránṣẹ́. Láti Ọjọ́bọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi jù ú sínú àpótí."

Mo gbé òdòdó náà sí iwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Mẹ́sàn-án ni mo ní," ni ó wí.

"Ẹ ò bá sọ fún mi. Ǹ bá yá yín ní ọ̀kan."

"Èmi? Kí n yá èsúsú san? Èmi tí mo dá a sílẹ̀?"

"Ẹ ò ra òmíràn lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Mo fẹ́ rà á. Èrò pọ̀ níwájú fèrèsé wọn, ọjà sì ti ṣí. Ṣùgbọ́n mo rò ó dáadáa, wallahi. Mo ní bí èrò ọkọ̀ ni lẹ́tà rí. Bí a bá wọ trotro láti Tafo, ṣé kí a tó jókòó ni à ń sanwó? Ibi tí a bá ti fẹ́ sọ̀ ni. Bí èrò kò bá sì ní lọ́wọ́, ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀ á bá a san. Àbí ọmọ mi ò ní lè sanwó lẹ́tà?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí lẹ́tà tí kò ní sítáǹpù. Wọ́n lè gbé e lọ, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ sí igun kan. Nígbà náà ni mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ tí ó kù kí ààwẹ̀ dé, ó sì fi í sílẹ̀ láìkà á tán.

"Wọn yóò rò pé n kò dáhùn," ni ó wí. "Ọmọ náà yóò rò pé n kò fẹ́."

A kọ lẹ́tà mìíràn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo lọ dúró níwájú fèrèsé ní Adum, mo sì wo akọ̀wé ibẹ̀ bí ó ṣe ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe. Ìyá ní kí n jọ̀wọ́ má sọ ọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. "Kafra," ni ó wí, bí àwọn ará Kumasi ṣe máa ń tọrọ gáfárà, ohun tí n kò gbọ́ kí ó sọ sí mi rí. N kò sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ kiri Kejetia lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti di ohun ẹ̀rín.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, mo gbé páálí mi jáde kí ẹnikẹ́ni tó ka nǹkan kan sínú àwo. Mo ní mo fẹ́ kí á dá èsúsú náà dúró.

"Nítorí kí ni?" ni Alága wí. "Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tìrẹ tán."

"Kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ padà, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbí, n kò mú ọ̀kan."

Wọ́n wo inú páálí. Ẹnì kan mú ẹkùn kan, ó ní ó dà bí ẹni pé tòun nìyí. Ẹni tí ó jókòó tì í ní tòun ni. Wọ́n wò ó títí, wọn kò lè mọ̀ ọ́n, wọ́n sì jù ú padà. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ń wo ilẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ó ti sú mi ni, òtítọ́ sì ni. Mo ní láti ìgbà tí a ti ń dá a, n kò tíì wo sítáǹpù kan dáadáa. Mo ní kí wọ́n máa wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wá, kí ẹni tí ó bá rí sítáǹpù mú un wá kí á jọ wò ó, kí ẹni tí kò bá rí má mú nǹkan kan wá.

"Ẹgbẹ́ tí kò sí dandan nínú rẹ̀," ni Alága wí, "ta ni yóò wá?"

"Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ni, Bàbá."

"Kò ní sí ẹni tí yóò wá." Kò pariwo. Ó ń wo fìlà rẹ̀ tí ó wà lórí orúnkún. "Ẹgbẹ́ márùn-ún ni mo ṣe alága fún kí àwọn ènìyàn wa tó lọ. Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n lọ tán, mo ṣí yàrá ìpàdé, mo to àga bí mo ṣe máa ń tò ó. Mo jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, mo kó àga, mo ti ilẹ̀kùn."

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ni ó gbé orí sókè.

"Bàbá," ni ó wí, "àga yín nìyẹn. Ẹ̀pà nìyí. Bí ẹ bá mú sítáǹpù wá, a ó wò ó. Bí ẹ ò bá mú un wá, a ó wo ẹ̀yin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù kò wá mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò sì sí ìjà. Alága ń wá. Ó máa ń jókòó lórí àga kan náà, ó máa ń sọ fún wa ìlú tí olúkúlùkù àwọn tí ó lọ ń gbé báyìí, ó sì máa ń rán ojú aṣọ kan lọ́wọ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo padà sí bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àyàfi pé mo ti wá mọ ìdí rẹ̀. N kò wẹ̀ ju èyí tí ó lè tẹ́ sínú abọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgun ara wọn. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, mo ń fi í sílẹ̀ sínú páálí, kò sì sí ohun tí ó ń ṣe é. N kò wá èyí tí kò wá mi. Mo kó gbogbo ẹkùn yẹn fún obìnrin kan tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlà tí ó tẹ̀ lé tiwa, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri kíláàsì wọn.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yìí, à ń retí. Ìyá kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Bí mo bá ń ti ọ́fíìsì bọ̀, ó máa ń wo ọwọ́ mi kí ó tó wo ojú mi. Oṣù ààwẹ̀ lé. Ó gba ààwẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣa ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó náà, ó sín in, ó so ó mọ́ inú aṣọ pélébé kan, ó sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá ìyàwó ni yóò lò ó tàbí ọmọ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀.

Ààwẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí lẹ́tà tó dé. Ó wúwo. Mo gbé e wálé, mo sì já a níwájú rẹ̀ láìtíì bọ́ bàtà. Àpòòwé mìíràn wà nínú rẹ̀, tí a ká sí méjì, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì ni ó wà lójú rẹ̀.

Ọmọ náà ní kí Ìyá má bínú pé èsì pẹ́. Wọ́n ti so yìgì. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù lé nígbà tí lẹ́tà Ìyá dé, gbogbo ilé sì ti ń sọ pé ìyá ìyàwó kò fẹ́. Ó ní ọkùnrin tí ó ń pín lẹ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì kọ̀ láti fún òun ní lẹ́tà náà àfi bí òun bá san ìlọ́po méjì, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò sanwó. Ó ní níwájú àwọn àna òun ni o. Bàbá òun ni ó sanwó náà. Ó wá kọ ọ́ báyìí: "Ìyá mi, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ kò tà mọ́ ní Kejetia ni?" Lẹ́tà kejì, èyí tí ó ní sítáǹpù, dé nígbà tí òun ti wà nílé ọkọ. Ó dá àpòòwé ti àkọ́kọ́ padà kí Ìyá lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ní ọkọ òun kí Ìyá, ó sì ga.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti so yìgì kà. Mo tún un kà.

"Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́?" ni ó wí. "Wọ́n sanwó níbi tí ó ti sọ̀."

"Ìlọ́po méjì, Ìyá."

"Ọ̀nà jíjìn ni."

Mo tẹ́ àpòòwé náà sórí tábìlì. Àpá kékeré kan wà níbi tí mo ti lẹ òdòdó mọ́, wọ́n ti fi òǹtẹ̀ dúdú lu T síbẹ̀, àmì pé a kò sanwó rẹ̀, sítáǹpù méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí n kò rí irú wọn rí, bẹ́ẹ̀ láti Nàìjíríà ni wọ́n ti wá. Ìyá béèrè ohun tí ó wà lára wọn. Mo ní kò sí ẹranko, kò sí ẹyẹ, iye owó nìkan ni. Mo ṣàlàyé fún un pé irú èyí ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tí ẹni tí a kọ ọ́ sí yóò san owó rẹ̀.

"Sítáǹpù ìtanràn," ni ó wí. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ó rẹwà díẹ̀."

Ní ọjọ́ Àìkú, mo pọn omi sínú abọ́. Mo mú àlùmọ́gàjí láti gé sítáǹpù méjèèjì kúrò lára àpòòwé, Ìyá sì di ọwọ́ mi mú.

"Má wẹ eléyìí," ni ó wí.

Mo fi àpòòwé náà odindi sínú ìwé ìyàwòrán, ní ojú ewé kan fún ara rẹ̀. Alága dé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, a sì gbé e fún un. Ó wò ó pẹ́, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, ó béèrè ìtàn rẹ̀, Ìyá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún ojú rẹ̀ ṣe, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kò sí bí a ṣe lè rí irú rẹ̀ mélòó kan sí i, kí ó lè kárí.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ti àwo ẹ̀pà sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ̀pà, Bàbá," ni ó wí.